Ìwádìí Àrùn Ọkàn: Ẹ Jẹ́ Kí Àwa Náà Wà Níbẹ̀

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Àgbàdo, ní Òkè-Odò, ní Abúlé Ẹ̀gbá, ní Mẹ́írán, títí dé Ìpájà, Ẹgbẹ́dá, Ìkòtún àti Ìgàndò, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn, àti ìwádìí tí àwọn oníṣègùn ń ṣe lórí ohun tó ń dí i àti bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ ìwádìí, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́rẹ́. Wọ́n á ní iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nìyẹn, kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá gidigidi. Ohun tí oníṣègùn mọ̀ nípa ọkàn èèyàn dúdú, lára àwọn èèyàn bíi tiwa ló ti kọ́ ọ. Níbi tí kò sì ti mọ nǹkan, lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí rẹ̀ ni pé àwa kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé àrùn náà. Ọkàn ènìyàn kò ju ìkúùkù rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tì káàkiri ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í mu nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó dà bíi mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke omi kiri àdúgbò, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì kankan. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ bu omi fún un. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó yí ọkàn ká níta ló ń bu ẹ̀jẹ̀ fún un. Méjì ni wọ́n bí wọ́n ṣe yà kúrò lára òpó àgbà, kí wọ́n tó pín sí ẹ̀ka. Ihò wọn kò ju nǹkan bíi mílímítà 3 sí 4 lọ.

Inú ògiri òpó yìí ni ọ̀rá máa ń wọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́, bí kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ara á rí ọ̀rá náà bí àjèjì, á gbógun tì í, ibẹ̀ á wú, á sì le. Ìfúnpá gíga á máa lu ògiri náà, èéfín sìgá á máa bó o, ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ á máa bà á jẹ́. Ogún ọdún lè kọjá lórí èyí, ọgbọ̀n ọdún lè kọjá, kí onítọ̀hún má mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, ojú ibi tó wú á là, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á dí. Kò ní pẹ́ wákàtí kan tí ẹran ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí kú. Òun là ń pè ní hát àtáàkì.

Àyà á fún, á wúwo, á máa ro. Ìrora náà lè gba èjìká òsì lọ sí apá, tàbí kó gun ọrùn dé àgbọ̀n. Òógùn tútù á bo onítọ̀hún. Àwọn obìnrin, àwọn àgbàlagbà, àti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè má tilẹ̀ mọ ìrora àyà kankan. Èémí tó ń jà lè jẹ́ tiwọn, tàbí èébì, tàbí àárẹ̀ tí wọn kò mọ ibi tó ti wá. Kí là ń ṣe ládùúgbò wa bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀? A ó ní gáásì ni. A ó fi róòbù pa àyà, a ó rán ọmọ lọ ra oògùn gáásì ní kẹ́míìsì, a ó fi omi gbígbóná lé e. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a ó ní kí ilẹ̀ mọ́ ná.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Simeon Isezuo ti yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Ṣókótó àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ti wọn ìdádúró yìí wò. Láti 2013 dé 2018, wọ́n ń kọ àwọn aláìsàn tí irú èyí ṣe, tó dé ilé ìwòsàn wọn, sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022. Ìdajì àwọn aláìsàn náà ló ti lo wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú àìsàn náà kí oníṣègùn kankan tó fojú kàn wọ́n. Nínú ẹni 100 tí wọ́n gbà sílé ìwòsàn, bíi 8 ni kò jáde láàyè. Àwọn tó dé ilé ìwòsàn nìkan ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Ẹni tó sùn tí kò jí ní òpópónà Ẹ̀kọ́rọ̀ò ládùúgbò wa kò sí nínú rẹ̀.

Ìtọ́jú wà. Oògùn kan wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Ọ̀nà kejì ni pé kí dókítà fi wáyà tín-ín-rín gba ọrùn ọwọ́ tàbí itan wọlé dé ibi tó dí, kó fẹ́ bàlúù kékeré níbẹ̀, kó sì fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan gbé ọ̀nà náà dúró. Andreas Grüntzig ló kọ́kọ́ fẹ́ irú bàlúù bẹ́ẹ̀ nínú òpó ọkàn ènìyàn alààyè ní ìlú Zurich ní 1977. Lónìí, wọ́n ń ṣe é nílẹ̀ Yorùbá: àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ń ṣe é ní Ìkòyí àti Victoria Island, wọ́n sì ń ṣe é ní ilé ìwòsàn yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kamar Adeleke gbé ibùdó ìtọ́jú ọkàn Tristate kalẹ̀ sí. Owó rẹ̀ wọ́n, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Ẹni tí àyà ń fún ní Àgbàdo láago méje àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Abúlé Ẹ̀gbá ni yóò kọ́kọ́ gbà kọjá, kó tó kan ti Ìyànà Ìpájà.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1988, tí wọ́n ń pè ní ISIS-2. Àwọn olùwádìí kó aláìsàn 17,187 jọ ní ilé ìwòsàn 417, ní orílẹ̀-èdè 16. Gbogbo wọn ni wọ́n fura pé hát àtáàkì ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n fún àwọn kan ní asipirín-ìn kékeré fún oṣù kan, wọ́n fún àwọn tó kù ní ayédèrú hóró tí kò ní oògùn nínú. Láàárín ọ̀sẹ̀ 5, ikú tí àrùn ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ ń fà láàárín àwọn tó lo asipirín-ìn dín kù pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 23 nínú 100. Oògùn tó wà ní gbogbo kẹ́míìsì nìyẹn, tó ti wà nílé ayé tipẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ lórí ọkàn, àfi ìgbà tí wọ́n béèrè lọ́nà tó tọ́, lọ́wọ́ èèyàn tó pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n o, ẹ má torí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí lo asipirín-ìn lójoojúmọ́ fúnra yín. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn nínú ikùn, ó sì lè pa ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya nínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀yin àti dókítà yín ni kẹ́ ẹ jọ sọ ìyẹn.

Ta wá ni wọ́n bi léèrè nígbà tí wọ́n ń wá ohun tó ń fa àrùn náà? Bẹ̀rẹ̀ láti 1948, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Framingham ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ orúkọ ènìyàn 5,209 sílẹ̀. Wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń dúró láti rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa dààmú. Láti ibẹ̀ layé ti mọ̀ dájú pé ìfúnpá gíga, sìgá àti kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ló ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn náà. Òṣìṣẹ́, oníṣòwò, ìyàwó ilé ni wọ́n, ará ìlú lásán. Ìlú tó kéré gan-an sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ wa ló kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn.

Àwa ńkọ́? Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan wa, ohun tí àwọn oníṣègùn kọ sínú ìwé fún ìgbà pípẹ́ ni pé àrùn yìí kì í ṣe èèyàn dúdú. Kì í ṣe irọ́ pátápátá nígbà náà. Ní 1969, A. O. Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ àwọn òkú tí wọ́n yẹ̀ wò ní Ìbàdàn wé ti àwọn ará Amẹ́ríkà, dúdú àti funfun. Ti àwọn èèyàn wa ló mọ́ jù. Ní 1973, Ayọ̀délé Fálàṣé, T. O. Cole àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntòkun kọ̀wé lórí hát àtáàkì láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà. Àwọn aláìsàn tí wọ́n rí ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn kò pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kíkọ tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ṣe nǹkan ńlá: ó fi hàn pé àrùn náà wà láàárín wa, pé ẹni tó bá wá a á rí i. Fálàṣé yìí náà ló wá di ọ̀gá àgbà yunifásítì Ìbàdàn ní 1996.

Iṣẹ́ tó wú mi lórí jù nínú gbogbo èyí ni èyí tí Richard Cooper àti Charles Rotimi ṣe, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997. Babátúndé Òṣótimẹ́hìn, tó padà di mínísítà ètò ìlera, wà lára àwọn tó bá wọn ṣe é. Wọ́n wọn ìfúnpá àwọn èèyàn tó lé ní 10,000 tí orísun gbogbo wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: àwọn ará Ìgbó-Ọrà wà níbẹ̀, àwọn ará Kamẹrúùnù wà níbẹ̀, Jamáíkà, Barbados, St Lucia, àti Maywood lẹ́bàá ìlú Chicago. Wọ́n fi ọ̀nà kan náà kọ́ gbogbo àwọn tó ń wọn ìfúnpá níbi gbogbo, kí òǹkà Ìgbó-Ọrà lè ṣe é fi wé ti Maywood. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìdá 16 nínú 100 ló ní ìfúnpá gíga. Ní àwọn erékùṣù Karíbíà, ó di 26. Ní Amẹ́ríkà, ó di 33. Ìran kan náà ni gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n ń gbé, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe sanra tó ló yàtọ̀. Àwọn tó ń sọ pé àbímọ́ni ni ìfúnpá gíga jẹ́ fún èèyàn dúdú kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́.

Bí mo bá sì wo Àgbàdo lónìí, mo mọ ibi tá à ń lọ. Ọ̀pọ̀ wa ni bàbá wa dáko, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Àwa jókòó sínú dánfó fún wákàtí mẹ́ta, a jẹ gálà mu mínírà lórí ìjókòó, a délé a se ìndómì pẹ̀lú mágì. Ìgbésí ayé Maywood la ti ń gbé, láìní ilé ìwòsàn Maywood.

Lópin ọ̀nà márosẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá yìí gan-an, ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, Dókítà Okechukwu Ogah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014. Ìfúnpá gíga ló fa ti bíi 78 nínú ẹni 100. Òpó ọkàn tó dí kò fa tó ìdá kan nínú 100. Ní ilẹ̀ òyìnbó, òdìkejì rẹ̀ ni wọn ì bá rí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dènà àrùn ọkàn níhìn-ín, tó sì lọ ń fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀ kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nìkan nítorí pé ohun tó kà nínú ìwé Amẹ́ríkà nìyẹn, ó ti fi olórí ọ̀tá sílẹ̀.

Síbẹ̀, òpó tó ń dí náà ti ń bọ̀ wá bá wa. Ní 2004, Salim Yusuf ní Kánádà parí iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè ní INTERHEART, ní orílẹ̀-èdè 52. Bí wọ́n ṣe ṣe é rọrùn láti yé wa: bí ẹnì kan bá ní hát àtáàkì àkọ́kọ́ rẹ̀, wọ́n á wá ẹlòmíràn tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, tí ọkàn tirẹ̀ dá ṣáṣá. Wọ́n á bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan náà, wọ́n á fi téépù wọn ìbàdí wọn, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ síra, ibẹ̀ ni wọ́n á tẹ ojú mọ́. Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà ló dá sí i, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ wà nínú wọn. Krisela Steyn ló kọ àbájáde ti Áfíríkà jáde ní 2005: aláìsàn 578, àti 785 tí ara wọn le. Nǹkan márùn-ún péré ló fa bíi ìdá 89 nínú 100 ewu náà: sìgá, ìtọ̀ ṣúgà, ìfúnpá gíga, ikùn tó yọ, àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Láàárín àwọn èèyàn dúdú, ìfúnpá gíga ń ṣe ọṣẹ́ ju bó ṣe ń ṣe láàárín àwọn tó kù láyé lọ.

Ohun kan tún wà nínú ìwé náà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Láàárín àwọn èèyàn dúdú, àwọn tí owó ń wọlé fún àti àwọn tó kàwé ni ewu náà pọ̀ sí lára, òdìkejì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láwọn ilẹ̀ tó ti lọ́rọ̀ tipẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lówó, tó ra mọ́tò, tí kò fẹsẹ̀ rìn mọ́, tó ń jẹ ẹran tó wù ú, òun ni. A máa ń kí i kú oríire nítorí ikùn rẹ̀.

Ní ti oògùn ìfúnpá, ẹ ó rántí bí wọ́n ṣe máa ń fún àwọn èèyàn wa ní èyí tó bá ṣáà ti wà, tí dókítà kan bá sọ èyí, tí ẹlòmíràn á ní tọ̀hún ló dáa. Ìwé òyìnbó ni wọ́n ń wò. Ìgbà tó di 2019 ni ìwádìí tí wọ́n pè ní CREOLE jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike Ojji ti yunifásítì Àbújá ló ṣáájú nínú àwọn tó kọ ọ́, wọ́n sì ṣe é ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ènìyàn dúdú 728 ló gbà láti lo oògùn méjì-méjì tí wọ́n so pọ̀, oríṣi mẹ́ta. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kọ́ wọn lápá tó ń wọn ìfúnpá fúnra rẹ̀ tọ̀sántòru, tó ń fún apá wọn lójú oorun pàápàá. Ẹ ronú sí i. Ẹni tó gbà pé kí ẹ̀rọ máa jí òun lóru kí ẹlòmíràn lè mọ oògùn tó yẹ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe wá lóore. Àbájáde rẹ̀ ni pé oògùn tó bá ní amlodipine nínú, yálà wọ́n fi hydrochlorothiazide tì í tàbí perindopril, ló ń mú ìfúnpá wálẹ̀ jù fún àwa. Lónìí, bí dókítà ní Ìgàndò bá kọ amlodipine fún yín, ìpìlẹ̀ wà lábẹ́ ìwé tó kọ, lára àwọn bíi tiyín ni wọ́n sì ti fi ìpìlẹ̀ náà lélẹ̀.

Ojji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúró síbẹ̀. Ní 2024, wọ́n gbé VERONICA-Nigeria jáde: ẹni 300 ní Àbújá, àwọn kan lo hóró kan ṣoṣo tó ní oògùn mẹ́ta nínú, ìwọ̀n kékeré-kékeré, àwọn tó kù gba ìtọ́jú bí ìlànà orílẹ̀-èdè ṣe là á sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, nọ́ńbà òkè ìfúnpá ti wálẹ̀ pẹ̀lú 31 fún àwọn olóògùn kan ṣoṣo, 26 fún àwọn tó kù. Hóró kan láàárọ̀, ó parí. Ẹni tó bá ní ìyá tó ń da hóró mẹ́rin, márùn-ún sí àtẹ́lẹwọ́ láràárọ̀, tó ń ṣì wọ́n lò, mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ìtàn kan tún wà tó dùn mí, tó sì tún mú orí mi wú. Ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, Helen Hobbs àti Jonathan Cohen ṣàkíyèsí pé àwọn èèyàn dúdú kan wà tí kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára wọn, láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Jíìnì kan tó ń jẹ́ PCSK9 nínú àbùdá tí wọ́n jogún ni kò ṣiṣẹ́. Ní 2006, wọ́n fi han gbogbo ayé pé láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé fún ọdún 15, bíi ẹni 26 nínú 1,000 ló ní irú àbùdá yìí; àrùn òpó ọkàn láàárín wọn sì dín kù pẹ̀lú ìdá 88 nínú 100. Kò pẹ́ tí wọ́n rí ọ̀dọ́bìnrin kan ní Zimbabwe tí kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lẹ́jẹ̀ rẹ̀ rárá, tí ara rẹ̀ sì le kokooko. Àwọn ilé iṣẹ́ oògùn sáré, wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ tó ń ti PCSK9 pa. Ní 2015, ó wọ ọjà Amẹ́ríkà ní iye tó lé ní dọ́là 14,000 lọ́dún fún ẹnì kan. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ló tọ́ka sí oògùn náà, ta ló sì lè rà á nínú wa? Oògùn statin, èyí tí Akira Endo ará Japan kọ́kọ́ rí lára èbu ní àwọn ọdún 1970, ló ṣì bọ́ sí agbára wa, ó sì dáa púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sí nídìí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí, a kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dá iye owó oògùn.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ ní wọ́n á fi wá ṣe eku. Ẹ kò jẹ̀bi. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun kan, Trovan, wò níbẹ̀. Nínú ọmọ bíi 200 tó wà nínú ìdánwò náà, 11 kú, àwọn òbí kan sì ní ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní òun kò ṣe àìdáa, pé àrùn ló pa àwọn ọmọ náà. Ní 2009, ó gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 75 láti fi yanjú ẹjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba Kánò. Ọgbẹ́ yẹn kò tíì san. Láti 2007, Nàìjíríà ti ní òfin ìwà tó ń de gbogbo olùwádìí: ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ìwádìí wò kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ní èdè tí ẹ gbọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, bí wọ́n bá wá, ẹ má lé wọn, ẹ sì má kàn tẹ̀ka. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìgbìmọ̀ náà hàn yín. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀, kí ni wọ́n máa gbà lára yín, níbo lẹ̀jẹ̀ náà ń lọ. Ẹ tún bi wọ́n pé: Bí mo bá ní mi ò ṣe mọ́ ní ọ̀la, ṣé ẹ ó ṣì tọ́jú mi? Bí oògùn náà bá ṣiṣẹ́, ṣé a ó rí i rà ládùúgbò yìí? Ẹni tó bá ń bínú nítorí pé ẹ béèrè, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un kó jáde.

Ní ọjà Òkè-Odò lọ́jọ́ kan, mo dúró wo nọ́ọ̀sì kan tó ń wọn ìfúnpá lábẹ́ kánópì. Ìyá aláta kan sáré wá láti ìsọ̀ rẹ̀, ó ṣì ń bá oníbàárà jà lórí owó tàtàṣé, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó na apá. Nọ́ọ̀sì náà ní, "Màmá, ẹ sọ ẹsẹ̀ yín sílẹ̀, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ má sọ̀rọ̀." Ó gbé apá ìyá náà lé tábìlì kó lè ṣe déédéé àyà rẹ̀, ó sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìgbà àkọ́kọ́, 168 lórí 102. Ó tún un wọ̀n, 154 lórí 96. Ìyá náà ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun. Òótọ́ ló sì sọ, kò sí ohun tó ń dùn ún. Nọ́ọ̀sì kọ òǹkà kejì sílẹ̀, ó kọ ti àkọ́kọ́ náà sílẹ̀, ó kọ aago. Irú ìfarabalẹ̀ yẹn ló yà wíwọ̀n gidi sọ́tọ̀ kúrò lára wíwọ̀n kí wọ́n lè ya fọ́tò, ẹ̀yin náà ẹ máa béèrè fún un níbikíbi tí wọ́n bá ti wọn tiyín.

Àwọn ìbéèrè kan wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni ìdáhùn wọn wà. Àwọn tó ń mí èéfín ààtàn Solous sínú ní Ìgàndò, kí ni ó ń ṣe sí òpó ọkàn wọn? Àjọ ìlera àgbáyé ti kọ èéfín mọ́ àwọn ohun tó ń fa àrùn ọkàn, ṣùgbọ́n èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń wọ yàrá láti ojú fèrèsé lóru ní Mẹ́írán kò dà bí èéfín ìlú òyìnbó. Àwọn awakọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń jí ní aago mẹ́rin, tó ń fi sẹ́pẹ́ lé oorun, ta ló ti wọn ìfúnpá wọn fún ọdún márùn-ún léraléra? Mo ń pe ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní LASUCOM ní Ìkẹjà: ẹ gbé ìbéèrè yín wá síbí. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Àgbàdo Òkè-Odò, ẹ fún wọn ní tábìlì àti àga ní ibùdó ìlera yín.

Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń fún lálẹ́ yìí, tí kò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ má jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wakọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndò, ilé ìwòsàn LASUTH wà ní Ìkẹjà, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó sì ni 767 tàbí 112. Bí ẹ bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ fún nọ́ọ̀sì ni pé àyà ló ń fún un, àti aago tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni a ó yẹ̀ wò. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí wa kó tó dìgbà náà.